Etí Àgùntàn

Etí ni bàbá mi kọ́kọ́ ní kí n máa wò.
Kì í ṣe ẹnu. Ẹnu àgùntàn, ó ní, koríko ló wà fún,
etí ló ń sọ̀rọ̀.
Bí ó bá nà án síwájú, ó ti gbọ́ ohun tí ìwọ kò tíì gbọ́:
bóyá ọ̀kadà Múfú tó ń gun òkè bọ̀ láti Ìdí-Arẹ́rẹ́,
bóyá apẹ̀rẹ̀ èèpo iṣu tí ìyá mi ń gbé bọ̀ lẹ́yìnkùlé.
Bí ó bá dì í mọ́ orí sẹ́yìn: "Yàgò, ọmọ yìí."
N kò yàgò nígbà kan.
Ojúgun mi ṣì ń ròyìn rẹ̀.

Àgùntàn méje la ní, àti òbúkọ kan
tó rò pé àgùntàn ni òun,
lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà bíi ti gbogbo àdúgbò.
Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ni àgbà wọn. Kò pẹ́lẹ́ńgẹ́ rárá.
Ọdún tí òjò wó ògiri ilé Gàníyù ló bí ìbejì, ọ̀kan kú.
Bàbá ní kí n jókòó sórí bíríkì, kí n pa ẹnu mọ́.
Ohùn kan dìde, ètè ní pípadé,
láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ó ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn,
bí ẹ̀rọ ìlọta tó ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà kejì lóru.
"Èyí tó ń ké tantan, ti gbogbo ayé nìyẹn.
Eléyìí, ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń kùn ún sí."
Mo gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn. Egungun rẹ̀ ń gbọ̀n wá sínú ọwọ́ mi.

Àwọn ará ilé a máa ní àgùntàn gọ̀.
Bàbá a tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:
"Ẹni tí kò gbọ́ èdè ló ń pe elédè ní odi."
Ó ní bó bá fẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìkìlọ̀ ni.
Ẹ̀ẹ̀kejì, wá ọ̀nà.
Ṣùgbọ́n bó bá kẹ́yìn sí ọ, tó ń jẹ àpọ̀jẹ,
má bínú. Kò sí ẹran tó ń kẹ́yìn sí ẹni tó ń bẹ̀rù.

Lóṣù keje èṣí, rọpárọsẹ̀ mú ọ̀tún rẹ̀,
ó kó ọ̀rọ̀ lọ pẹ̀lú.
Ọsibítù fún wa ní páálí tí wọ́n ya àwòrán sí,
ife omi, bẹ́ẹ̀dì, ṣaláńgá, kó máa nawọ́ sí i.
Ó wò ó bí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ṣe ń wo ewé dóńgóyárò.
Ẹ̀gbọ́n mi Ràfátù ń pariwo sí i létí
bí ẹni pé etí ló kú.

Mo gbé bíríkì wọlé.
Mo wo ọrùn, mo wo èjìká,
mo wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì lórí ẹní.
Ràfátù gbé ẹ̀kọ mímu dé, kò ní ṣúgà, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.
Ẹsẹ̀ òsì lu ilẹ̀.
Mo ní, "Gbé e kúrò, ẹ̀gbọ́n mi."
Ó ní ta ló sọ fún mi.
Ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀kọ bá ìró tuntun lọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.
Ìkùn kan ń bẹ tó máa ń kùn lọ́wọ́ ìdájí,
ètè ní pípadé. N kò mọ ẹni tó ń kùn ún sí.
Ìyá mi ti kú láti ọdún mẹ́rin.
Mo kàn ń gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn ni.

Lálẹ́ àná, iná wà, ó yí padà pẹ̀lú agbára díẹ̀díẹ̀,
ó kẹ́yìn sí wa, ó dojú kọ ògiri,
ẹnu rẹ̀ ń jẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀.
Ràfátù ní, "Ó ti ń bínú sí wa."
Mo dìde, mo pa iná.