Fóònù Kan ní Òkèṣà

Tí wọ́n bá ti mú iná lọ ní Òkèṣà,
tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bá wí,
Ìbídùn á fa àpótí sún mọ́ mi,
a ó fi fóònù rẹ̀ ti ìgò kẹrosíìnì,
ojú mẹ́rin lórí ojú kan tó ti sán,
à ń wo ọmọkùnrin méjì ará Táílàńdì
tí wọ́n ń fẹ́ra wọn bí ẹni ń jí ẹran inú ìkòkò jẹ.

Owó bọ́tìnnì ni mo fi ra dátà náà.
Nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Mo ní: Wò ó, ọmọ yìí tún fẹ́ ṣubú.
Ilẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́,
kò sí òkúta, kò sí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ó ṣáà kọsẹ̀,
èkejì sì ti na apá dè é láti àná.
Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n wojú ara wọn,
títí mo fi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.
Ìbídùn ní: Jẹ́ ó ṣubú.
Ta ló ti gbá ìwọ mú rí?

Ibà wọn ńkọ́? Òjò kan péré, ibà dé.
Kì í ṣe ibà tiwa tí í mi bẹ́ẹ̀dì,
tí í mú ẹnu korò bí ewúro.
Aṣọ ìnujú tútù kan ló ń wo tiwọn sàn,
ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán.
Ìyá Ìbídùn, nọ́ọ̀sì, kọjá lẹ́yìn wa lọ́jọ́ kan,
ó ní: Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?

Èyí tí mo kórìíra jù ni èyí tí kì í gbọ́ rárá.
Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ,
ó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà bí òṣómàáló.
Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló dé Ìlọrin;
gbèsè ni wọ́n ń lóṣòó gbà.
Ìfẹ́ kì í ṣe aṣọ àwìn.
Ìbídùn dákẹ́ sí ìyẹn.

Àti pé kí ló dé tó jẹ́ obìnrin tó bá ti wọlé, ìkà ni?
Ṣé kì í ṣe obìnrin ni àwa tí à ń febi wò wọ́n?
Kí ló dé tí ẹnìkan fi ń sunkún lọ́wọ́,
tó fa ọṣẹ ìfọjú yọ, tó kọ orúkọ ọṣẹ sí wa?
Apá kọkànlá ń rìn bí aláboyún,
apá kejìlá sáré bí olè.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn.
Ará Jàpáánù ni wọ́n, àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn,
ọkùnrin méjì ń fọ abọ́, wọn ò sọ̀rọ̀,
ọ̀kan bó ọsàn, ó na ìlàjì sí èkejì
láìwo ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ọwọ́ tó gbà á ṣì ń kán omi.
Mo yíjú sí Ìbídùn kí n sọ pé, ṣé o rí i?
Ó ti sùn.

Jọláolú, àbúrò mi, ló ń bá wa ti ilẹ̀kùn.
Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ẹrẹ́jà,
gírísì lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí wa,
ó ní òun kì í wo ìranù.
Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, láìyíjú padà, ó bèèrè:
Ìyá wọn ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?

Mo ní: Ó gbá ọmọ rẹ̀ létí ní apá kẹjọ.
Ní apá kejìlá, ó bu ọbẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Ó ní: Irọ́ tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn.
Ó mú àgádágodo, ó tún gbé e sílẹ̀.
Ó ní: Ibi ọbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ n rí i.

Mo fẹ́ sọ pé ọbẹ̀ náà kò tilẹ̀ yọ èéfín,
pé ó hàn pé wọn ò gbé e kaná.
Ìbídùn fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.
Mo fi àtàǹpàkò fa eré náà padà,
bátìrì ku mẹ́ta,
a sì sún fún un lórí àpótí.