Láìsí Ìwúkàrà

Agolo ìwúkàrà ti ṣófo láti ọjọ́ Ajé,
mo sì ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ kí n tó rántí.
Òjò ń lu páànù ilé wa ní Ìtòkò
bí ẹni tó wá gba gbèsè.
Ìyá wọn ti lọ síṣẹ́ alẹ́ ní Arò,
èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ní Láfẹ́nwá
ni mo wá dúró ti ìkòkò.

Màmá mi gbóhùn láti orí àga wọn:
"Ta ní ń ṣe pọ́ọ̀fù láìsí ìwúkàrà?
Láyé tèmi, alẹ́ la ti ń pò ó,
a ó fi aṣọ òtútù bò ó bí ọmọ tuntun,
a ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tó lọ́wọ́ọ́wọ́,
kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti gbé ọmọrí dìde."
Wọ́n ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i.
Mo ti ń jọ fùláwà.

Ife méjì. Ṣúgà, ìdajì ife:
Ẹ̀bùnolú ti ìka bọ̀ ọ́, ó ní òun ń tọ́ ọ wò.
Iyọ̀, ìwọ̀nba tí ìka mẹ́ta lè bù.
Páúdà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, ṣíbí kékeré méjì,
èyí tí ìyàwó mi rà fún ọjọ́ ìbí kan
tí kéèkì rẹ̀ kò wáyé.
Ẹyin kan. Wàrà tó ti kan díẹ̀,
tí mo fẹ́ dà nù láàárọ̀, tí ọwọ́ mi kọ̀.
Àṣé òun gan-an ni mo ń wá:
bó ṣe fara kan fùláwà ló bẹ̀rẹ̀ sí hó,
ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú abọ́
bí àwọn aládìrẹ Ìtòkú tí wọ́n rí ẹni tó máa rà.
"Má pò ó jù," ni mo wí fún Gbénró,
"tó o bá pò ó jù, á le bí ọkàn onílé wa."

Òróró gbóná. Mo ju ẹyọ kan sí i.
Ó rì, ó ronú, ó léfòó.
Ọwọ́ màmá mi a máa fún un jáde
róbótó róbótó bí ẹyin àparò.
Tèmi yọ ìrù. Òmíràn yọ etí.
Ọ̀kan jọ ìjàpá tó ń wo sánmà,
ọ̀kan jọ Fókísì tí wọ́n já bọ́ǹpà rẹ̀;
Gbénró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Síbẹ̀ wọ́n ń yíra padà fúnra wọn,
ẹ̀gbẹ́ tó ti pọ́n ń sọ fún ẹ̀gbẹ́ tó funfun pé ó kàn ọ́.

Ogún ìṣẹ́jú. Mo wo aago lẹ́ẹ̀mejì.
Òjò náà kò tíì dá.

Màmá mi mú ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́,
wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n là á sí méjì
bí ẹni tó ń wá ẹ̀bi nínú rẹ̀.
"Èyí kì í ṣe pọ́ọ̀fù. Inú rẹ̀ ò ní ihò.
Àkàrà tó sáré ni."
Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n tún nawọ́.
"Fún mi ní mẹ́ta sí i, kí n lè mọ ohun tó ṣe é gan-an."

Kò wú bíi tiwọn.
Ó wú mi lórí ṣá.

Mo fi márùn-ún pamọ́ sínú abọ́ onídèérí
fún ẹni tí ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.
Nígbà tó wọlé, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́.
Ó ṣí i, ó fi ọ̀kan lu ẹ̀gbẹ́ tábìlì:
kó, kó, kó.
"Ta ló lọ bu Olúmọ wálé?"
Màmá mi wúkọ́ látinú yàrá, wọn ò sọ nǹkan kan,
gbogbo wa la gbọ́ ohun tí ikọ́ náà wí.

Ó po tíì. Ó ń rì wọ́n bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ó jẹ márààrún tán láìwí nǹkan kan.
Lẹ́yìn náà ló ṣí pọ́ọ̀sì,
ó kó sáṣẹ́ẹ̀tì ìwúkàrà méjì lé mi lọ́wọ́:
"Àná ni mo rà á ní Kútọ kí n tó wọkọ̀.
Mo gbàgbé láti fi í sílẹ̀."