Ọjọ́ Kẹsàn-án

Iná dé lóru, èmi ò mọ̀.
Kọ̀ǹpútà tí mo fi sílẹ̀ láìpa
rí iná, ó rí nẹ́tíwọọ̀kì,
ó bá pààrọ̀ ara rẹ̀ nínú òkùnkùn.
Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Pákátà láàárọ̀,
ojú tuntun ló fi kí mi:
bọ́tìnì rogodo, àwọ̀ bí súwíìtì ọmọdé,
gbogbo nǹkan níbi tí n kò fi í sí.

Ìyẹn ò dùn mí. Bàtà tuntun náà
a máa gé ni lẹ́sẹ̀ kó tó mọ́ra.
Àmọ́ mo ṣí ìwé ìpè fídáù
tí mo ti tẹ̀ parí lánàá, mo rí
M□ríám□ À□àbí.
Níbi tí ọ wà, àpótí òfìfo.
Níbi tí ṣ wà, àpótí òfìfo.
Ọmọ olóògbé gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí.
«Ta lẹ kọ orúkọ rẹ̀ yìí?»

Igba ìwé ni mo fi bírò kùn lóru ọjọ́ náà,
àmì kan lábẹ́, àmì kan lórí,
títí àtàǹpàkò mi fi wú.

Mo gbé e lọ bá Bámitálẹ́ ní Tánkè,
ọmọ Ìlọ́fà tí kì í yára sọ̀rọ̀.
Ó bi mí lọ́jọ́ tó yí padà, ó fi ìka kà á.
«Màmá, ọjọ́ kẹsàn-án rèé.
Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fún wa.
Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á kó ẹrù ti àtijọ́ dànù
bí ìyàwó ṣe ń kó ìkòkò ìyálé dànù.»
Ó ní fáìlì kò ní lọ,
àmọ́ ètò tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i,
kí n dágbére fún un.

Ọ̀kan ṣoṣo ni.
Èyí tí Kúdírátù ní kí n gbà,
tí ojú rẹ̀ fi ń yọ láti Kàdúná lálaalẹ́,
tí ọmọ rẹ̀ fi ń la ẹnu hàn mí,
ibi tí eyín ti ká.
Mo ní ó dáa.
Mo ní, «Ní sùúrù ná.»
Mo tún ní ó dáa.

Ojú ẹ̀rọ ṣú bí odò Àsà lóru.
Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró síbẹ̀
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́, epo ti fẹ́ tán.
Oníbàárà kan tó wá ra ṣájà dúró,
kò mọ ohun tí a ń wò,
ó ń bá wa wò ó.

Lẹ́yìn náà, Òkè Sóbì yọ,
àwòrán tí mo fúnra mi yà lọ́jọ́sí,
koríko gbígbẹ, àti ewúrẹ́ kan
tí n kò pè sínú fọ́tò.
Mo ṣí ìwé náà.
Mọ́ríámọ̀ Àṣàbí.
Mo kà á sókè. Bámitálẹ́ ní, «Àmín,»
bí ẹni pé àdúà ni.

Fídáù ti kọjá. Mo tẹ ẹyọ kan
fún ọmọ olóògbé, n kò gbowó.

Lálẹ́, Kúdírátù pè mí lórí fóònù kékeré.
«Màmá, a ò rí ojú yín mọ́.»
Mo ní mo padà sẹ́yìn díẹ̀ ni.
Ní igun ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ ti ń bi mí:
Ẹ̀yà tuntun ti dé. Ṣé kí n gbà á?
Mo tẹ Ó dọ̀la.