Ojú Ẹsẹ̀

Bàtà àyáwọ̀ ni Fadérera fi sáré ní Yábà,
ó fi ìwé ìròyìn dí imú rẹ̀,
ìwé náà ń dún lábẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀
bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn.
Irínwó mítà. Ní kọ́nà kẹta
iṣan gìgísẹ̀ já: pà!
Ó wẹ̀yìn, ó ṣèbí ẹnìkan ló sọ òkò lu òun.

Ọdún mọ́kànlá rèé.
Ní Ìdí-Òro, lókè ilé búrẹ́dì,
ó ń gé rọ́bà, gáàmù ti gbẹ mọ́ ọn léèékánná.
Kì í bi ọ́ ní nọ́ńbà ẹsẹ̀.
Omi ló máa dà sílẹ̀:
"Fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, sáré kọjá."
Kó tó gbẹ lórí sìmẹ́ńtì
ó ti kúnlẹ̀, ó ti kà á tán:
"Ẹsẹ̀ òsì ń parọ́ fún tọ̀tún."

Mo gba tèmi lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo ní kó wá wò mí.
Ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe yí kọ́nà kẹta
mo rí i lẹ́bàá wáyà, ó kẹ̀yìn sí pápá,
ó dẹtí,
bóyá ìwé ṣì ń dún níbì kan.