Íńṣì Méjì

Ṣẹ̀gilọlá kó aṣọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àgbò,
nínú ọ̀rá dúdú, ó ká a bí ẹni ká lẹ́tà.
Mo ti mọ aṣọ náà kó tó tú u:
gáùn aláwọ̀ ọsàn tí mo rán fún un ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn,
nígbà tí Ìjẹ̀bú-Igbó ṣì kéré lójú wa,
tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n.

"Ọmọ mi ń gboyè ní Àgọ́-Ìwòyè lóṣù tó ń bọ̀.
Aṣọ yìí ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ rí mi."
Mo mú bíléèdì, mo fẹ́ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Ó di ọwọ́ mi mú.
"Má tú aṣọ. Èmi ni n ó tú."

Ó wá yọ ike funfun kan nínú báàgì.
Ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀, ìbàdí bí ọrùn àdó.
Hóró méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́,
pẹ̀lú tíì kan tí ewúro dùn jù ú lọ.
Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà, lọ́wọ́ Ṣónéye
tó ń fi ọ̀kadà gbé e kiri láti Ìjẹ̀bú-Òde.
Mo ní, "Ṣé o ti bi nọ́ọ̀sì léèrè?"
Ó ní nọ́ọ̀sì gan-an sanra.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ.
Ṣùgbọ́n téèpù mi kì í ṣojúsàájú.
Méjìdínlógójì ni mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, mẹ́rìndínlógójì: íńṣì méjì!
A fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí àgékù aṣọ.
Ọ̀sẹ̀ kejì, kò yẹ̀ síwájú, kò yẹ̀ sẹ́yìn,
ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló sáré lọ sí ṣáláńgá àwọn onílagi
kí n tó wọn èjìká rẹ̀ tán.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, ètè rẹ̀ bó,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó gba omi lọ́wọ́ mi,
àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì
bí ẹ̀rọ tí ń sáré láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Omi ló jáde, Ṣẹ̀gi, omi lásán.
Aṣọ tí a fún gbẹ a máa fúyẹ́ lọ́wọ́,
yáàdì kan kò dín níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń kó pákó sí ló ṣubú sí.
Nọ́ọ̀sì tó sanra yẹn ló fa omi sí i lára.
Ó ní ká mú ike náà wá, ó já hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́,
ó rí bí ìyẹ̀ igi tó ń fò wá bà lé aṣọ oníbàárà mi.
Kò pè é ní májèlé, kò pè é ní oògùn.
"Ẹni tó ṣe é kò kọ ohun tó fi sí i,"
ohun tó sọ nìyẹn, ó sì fọwọ́.
Ó ní kí Ṣẹ̀gi máa rìn, kí ó dín oúnjẹ alẹ́ kù,
kí ó máa sùn. Iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì.
Kò sí ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lára ìyẹn.

Ẹ má rò pé mo gbọ́n.
Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì,
ike tèmi wà níbẹ̀, ó ku hóró mọ́kànlá.
N kò mu ún mọ́. N kò sì tíì jù ú nù.
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí,
ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún kì í wọ ààtàn lójú mi.

Nígbà tí ìgboyè ku ọ̀la, ó padà wá.
Téèpù ní méjìdínlógójì.
Mo mú bíléèdì. Kò di ọwọ́ mi mú.
Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ọ̀rù a máa sọ pé,
má gé aṣọ sún mọ́ ojú rírán,
ara ń bọ̀ wá béèrè.
Íńṣì méjì méjì ni mo ti fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gáùn náà,
láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti rí tẹ́ẹ́rẹ́.
Mo tú u.
Níbi tí oòrùn kò dé rí, àwọ̀ ọsàn náà ṣì pọ́n.

Ó wọ̀ ọ́ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè
pẹ̀lú ìlà tó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì.
Wọ́n ní àwọn kan bi í pé ta ló dá irú àrà yẹn.