Apá Kọkànlélógójì

Òjò ń rọ̀ sí Yaizu, ó ń rọ̀ sórí ọkọ̀ ẹja tí wọ́n so mọ́ èbúté.
Mo gbé páálí kan sọ̀kalẹ̀ látorí àjà ilé ìyá wa,
eruku rẹ̀ mú mi sín lẹ́ẹ̀mẹta.
Kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́tàlélógún,
ìkọ̀wé Kiyohiko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rìn ségesège bí akàn:
Apá kìíní dé ìkejì. Apá ìkẹta dé ìkẹrin.
Má gba nǹkan mìíràn sórí èyí o!
Èmi ló ń bá wí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Ọmọ mi Hayate na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì oníná.
Apá ẹgbẹ̀rún ó lé díẹ̀ lòun mọ̀ ní tirẹ̀,
níbi tí ọkọ̀ àwọn ajalèlókun ti tóbi tó ìlú,
tí ọ̀gá ọkọ̀ ń fi ọwọ́ kan la ìgbì sí méjì.
“Màmá, ta lèyí tó rí pẹlẹbẹ bí ìwé yìí?”
Mo ní, ọ̀gá ọkọ̀ kan náà ni.
Ó ní irọ́ ni.

Irọ́ kọ́. Bó bá yí orí, imú rẹ̀ a ṣí kúrò láyè rẹ̀;
ọwọ́ tó ń yà á kò tíì mọ̀ ọ́n tán.
Ọkọ̀ rẹ̀ kò ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ,
ará ọkọ̀ mẹ́ta péré, ìkẹta wọn ewúrẹ́.
Ajalèlókun tí ìgbì ń rú nínú!
Ní gbogbo apá, kí wọ́n tó ta ìgbòkun,
ó ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń bì.
Bàbá wa, tó fi ọgbọ̀n ọdún pẹja túnà,
a máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.
“Ó jọ mí,” ni yóò wí, “ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Láàrin apá keje, ìkìlọ̀ ìjì gba ìsàlẹ̀ àwòrán kọjá:
ìgbì mítà mẹ́fà ní Suruga, kí ọkọ̀ kékeré má jáde.
Ìjì náà ti rọlẹ̀ tipẹ́, ó ti di omi nínú ife tíì ẹlòmíràn,
síbẹ̀ mo bojú wo fèrèsé.

Ohun tó ṣòro nínú àwòtúnwò ni pé mo mọ̀.
Mo mọ ohun tí ọmọdébìnrin tó ń ta iyọ̀ létí omi yóò dà.
Mo mọ ẹni tí yóò dalẹ̀ wọn; ó ń bu ọbẹ̀ fún wọn báyìí,
inú rẹ̀ sì mọ́, ó mọ́ gan-an, ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.
Mo mọ apá tí ewúrẹ́ yóò kú.
Hayate bi mí. Mo bó ọsàn, mo fi awẹ́ kan dí i lẹ́nu.

Ogójì apá la wò ní ọjọ́ mẹ́ta.
Kásẹ́ẹ̀tì tó kàn bẹ̀rẹ̀ láti apá kejìlélógójì.
Mo tú páálí dé ìsàlẹ̀,
mo wá pe Kiyohiko ní Nagoya,
èmi tí n kò pè é láti ìgbà tó ti ta ọkọ̀ Bàbá.
“Níbo ni apá kọkànlélógójì wà?” N kò tiẹ̀ kí i.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ wáípà ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀,
ó ń gbá òjò sọ́tùn-ún, ó ń gbá a sósì.
“Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà,” ó ní, “aṣọ dúdú wà lọ́rùn wa.
Ta ni ì bá tẹ bọ́tìnnì?”

Hayate ti rí i lórí fóònù tirẹ̀ kí n tó nu ojú.
Àwòrán mọ́ rekete, kò sí ìkìlọ̀ ìjì nísàlẹ̀ rẹ̀.
Wọ́n ta ìgbòkun. Ìgbì ga.
Ọ̀gá ọkọ̀ rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó tẹ̀ ba,
Hayate ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀.
Kò bì.
Ó nu ẹnu tó gbẹ, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo òkun,
ó ní, “Háà.”
Àṣé ibẹ̀ ni. Àwa kàn rí i ní apá kejì lẹ́yìn rẹ̀
pé ara rẹ̀ ti yá; a rò pé àwọn tó ń yà á ló gbàgbé.
Gbogbo ayé ti mọ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún.

Kiyohiko kò tíì gbé fóònù sílẹ̀.
“Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?” ó ní.
Mo ní, wá wò ó.