Ìṣẹ́jú Méjì Méjì

Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n máa ṣọ́ aago.
Ìṣẹ́jú méjì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ lé.
Bí iná pupa bá tàn, mo tẹ agogo,
ẹni tó ń sọ̀rọ̀ a ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ sápò,
a padà síbi ìjókòó.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́
ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú Toledo.
N kì í dìbò. N kì í dá sí i.

Lálẹ́ yìí, owó ni:
mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là,
egungun kan láàárín ajá méjì.
Ṣé kí wọ́n fi gba ogún ọlọ́pàá sí i,
àbí kí wọ́n fi ṣí ilé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tì lọ́dún kẹta,
kí wọ́n gba àwọn tí yóò máa tọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lọ
láìgbé ìbọn dání?

Yìnyín ń bọ́ lóde. Bàtà gbogbo wa ló rin.

Fadlo Saba, oníṣọ́ọ̀bù igun, ló kọ́kọ́ dìde.
Ó gbé ọwọ́ òsì sókè kí wọ́n lè rí àpá.
“Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún yìí.
Mo pe ọlọ́pàá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì!
Kọfí mi ti tutù, ẹ̀jẹ̀ mi ti gbẹ mọ́ káńtà.
Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ níwèé. Ó dáa.
Ẹ kọ́kọ́ lé ìyá rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà àgò adìyẹ mi.”
Apá ọ̀tún pàtẹ́wọ́.
Mo tẹ agogo.

Tíṣà Oquendo, tó ti fẹ̀yìn tì, ní
ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.
Saba dáhùn láti ìjókòó: “Tèmi, ó ti tà á!”
Ẹ̀rín sọ. Alága lu tábìlì.

Lẹ́yìn náà, Ardell Whitlow,
tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé.
Kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.
“Èmi ni mo pè wọ́n. Ìka ara mi ni mo fi tẹ nọ́ńbà.
Mo ní àbúrò mi ò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta,
fìríìjì ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹ bá mi tù ú nínú.
Wọ́n yára o, Ọ̀gbẹ́ni Saba. Ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ ni...”
Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá.
Kò sọ nǹkan kan mọ́, kò sì jókòó.
Mo tẹ agogo lé ìdákẹ́rọ́rọ́ lórí.
Ó dùn mí.

Wanda Kosik, sájẹ́ǹtì, kò wọ aṣọ iṣẹ́ wá:
“Ajá sọnù, ẹ pè mí. Ọmọ kọ̀ láti jẹun, ẹ pè mí.
Ẹnì kan ń sunkún lórí afárá lóru, èmi náà ni.
Oògùn kan ṣoṣo lẹ kó lé mi lọ́wọ́,
ọgọ́rùn-ún àìsàn lẹ ní kí n fi wò.”
Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló kọ́kọ́ fẹ́ pàtẹ́wọ́,
wọ́n wo ara wọn, wọ́n sọwọ́ kalẹ̀.

Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bóyá,
kò lò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lọ:
“Bí ẹ bá ṣí i, ṣé ó máa wà ní ṣíṣí lálẹ́ Sátidé?”
Òfin kò gba ìgbìmọ̀ láyè láti dáhùn.
Wọ́n wo ìwé iwájú wọn.

Wọ́n sún ìbò náà sí oṣù tó ń bọ̀.

Níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì,
mo rí i pé ọkọ̀ Saba ti kú sínú yìnyín.
Ardell gbé wáyà bátìrì jáde láti búùtù tirẹ̀.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó, tàbí òkú.
“Tẹ̀ ẹ́.” “Dúró ná.” “Tún tẹ̀ ẹ́.”
Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́.
Mo wo aago ọwọ́ mi: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó tún lé.
Mi ò mọ̀ bóyá ó padà jí.
Bọ́ọ̀sì mi dé.